Mo Ti Bá Ọ Bẹ Ọ̀wẹ̀ Lórí Ayélujára

Ilé Ọdẹ́bùnmi,
Ogbooro,
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Bélú.

Débọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ ọmọ Ògúndìran,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé iná ń wà ní Èkó, ṣé kọ̀ǹpútà rẹ náà sì jí ire? Mo bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú rẹ torí irin ni, Ògún ló ni ín, bí òun bá sì ń ṣàárẹ̀, ìwọ náà kò ní rí oorun sùn. Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, Sodiqat tíṣà tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa ń kí ọ, Festus aládùúgbò wa náà ń kí ọ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá o ti lọ́kọ, mo ti dá a lóhùn pé kó lọ kọ ebè rẹ̀. Ògún á máa ṣíwájú rẹ, irin kò ní ṣe ọ́ léṣe, ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ, ẹni tó bá rí ọ á fẹ́ràn rẹ. Àṣẹ.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí fóònù Sodiqat lánàá. O ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Mo gbọ́. N kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́, lẹ́tà ni mo ń kọ yìí. Sodiqat ní òun yóò ya lẹ́tà náà ní fọ́tò kó lè dé ọwọ́ rẹ lónìí. Mo gbà fún un, àmọ́ nígbà tó ya ojú ewé àkọ́kọ́ tán tó ní ó ti lọ, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi níbí. N kò bá a jiyàn, olùkọ́ ni. Mo kàn máa fún Isaac awakọ̀ ní ìwé gidi lọ́la, kí ọ̀kan nínú méjèèjì lè dé.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ló fa gbogbo rẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ohun funfun tó bo ẹyinjú ọ̀tún ti mú òsì náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí Festus lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i pé ẹ kú ilé, Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, Festus sì dáhùn pé wọ́n ń jẹun dáadáa, nítorí kò fẹ́ kí ojú tì í. Dókítà ní Ṣakí ti dá Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún wa láti bá a ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń dá ọjọ́. Méjì àkọ́kọ́, ìyá rẹ ló kọ̀ tí kò lọ. Ó ní òun ò ní dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ àyàfi tí Débọ́lá bá dúró níwájú òun, pé bí ọwọ́ dókítà bá lọ ṣàṣìṣe, ojú ọmọ òun ni kó jẹ́ ohun tí òun rí kẹ́yìn. Dókítà sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí a bá tún jẹ́ kí ọjọ́ yìí kọjá, òun kò lè ṣèlérí mọ́, torí ohun náà ń le sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ní o kò lè wá, pé eré orí kọ̀ǹpútà rẹ, Ewúrẹ́ Já, tún ti dákẹ́ níbì kan, pé àwọn èèyàn ń pariwo lé ọ lórí, pé ìwọ nìkan lo lè tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti wọ Ogbooro kẹ́yìn. Mo wá sọ fún ara mi pé kí n mọ ohun tó ń jẹ́ eré yìí, kí n lè mọ ẹni tí n óò lọ bá.

Sodiqat fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn. Mo rí i pé èèyàn bí ọgọ́rùn-ún láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ní oko kan àti ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ á já okùn, á wọ oko ẹlòmíràn, wọn á máa lé e kiri. Mo wò ó títí. Kò sí ẹni tó lọ fi ẹjọ́ sun Baálẹ̀. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Sodiqat ní ó ti di ọdún mẹ́fà tí àwọn ewúrẹ́ yìí ti wà láyé, kò sí èyí tó bímọ rí. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún ọ. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, àti eré náà àti bí o ṣe hun ún, pé ẹnikẹ́ni lè tú u wò, kó sì bá ọ hun ún, kárí ayé.

Mo ní kí ló wá ń bà á jẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ó ní nínú àwọn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ìdílé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì, bàbá kan náà ló bí wọn ṣùgbọ́n wọ́n ti pín sí agboolé, agboolé kọ̀ọ̀kan ló sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Orúkọ wọn kò rọrùn lẹ́nu mi, mo ti sọ wọ́n lórúkọ fúnra mi. Agboolé Àgbàlagbà wà, àwọn yẹn kì í gba ohunkóhun wọlé àfi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti jẹ ẹ́ fún ọdún méjì tí wọn ò kú. Agboolé Oníkánjú wà, àràárọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn, eré tó wọlé lánàá á dé lónìí á bá ògiri. Agboolé Asefúnra-ẹni wà, wọn kì í jẹ oúnjẹ tí èèyàn bá sè, iṣu tútù ni kó o gbé fún wọn, wọn á gún un fúnra wọn, wọn á sì wá sọ fún ọ pé iṣu náà le. Sodiqat ní agboolé tó kù tó ọgọ́rùn-ún. Mo ní kó dúró níbẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ìwọ nìkan ń dáná fún, ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ewúrẹ́ tí kò sí. Mo wá mọ ìdí tí o fi rù nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ojúde ẹjọ́ hàn mí, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀sùn rẹ sí. Irinwó ẹjọ́ ó lé méjìlá, Débọ́lá! Baálẹ̀ wa kò ní ẹjọ́ mẹ́wàá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní ìjòyè mẹ́fà àti akọ̀wé. Mo ní kí Sodiqat máa kà wọ́n fún mi lédè wa. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ òun ń gba inú òkúta kọjá. Ẹnì kan ní eré náà kò ṣí láti ìgbà tí àwọn Oníkánjú ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wá kọ ọ́ gbàgàdà pé ìtìjú ni iṣẹ́ yìí, pé ẹni tó ń ṣe é, ọ̀lẹ ni. Ìyẹn ni n kò lè gbé mì. Mo ní kí Sodiqat bá mi bi í pé ọmọ ta ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló dáhùn. Ó ní ọmọ Jàmáánì ni òun, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ọkùnrin náà ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ó sì ní kí n má bínú, pé òun kò mọ̀ pé bàbá ẹni náà yóò kà á. Mo ní ó ti tán, kó bá mi kí bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn a ti mọwọ́ ara wa. Mo fi ẹjọ́ tèmi náà kún un, pé ewúrẹ́ kò bímọ. Wọ́n ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ti ń dá oko láti kékeré. Bí mo bá ṣe àáró lóko Festus lónìí, lọ́la Festus á wá sí tèmi, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ìwọ ti ṣe àáró lóko àwọn èèyàn yìí fún ọdún mẹ́fà, ẹyọ ẹnì kan kò sì san án padà. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ ni. Ta ló máa dìde lọ sóko olóko nígbà tí wọn kò pè é? Mo ní kí Sodiqat kọ ọ́ sí ojúde ẹjọ́ ní èdè òyìnbó pé èmi Ògúndìran, bàbá Débọ́lá, ará Ogbooro, ń bẹ gbogbo ẹni tó ti jẹ nínú iṣẹ́ ọmọ mi lọ́wẹ̀ ní Àbámẹ́ta, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àkùkọ àkọ́kọ́, kálukú kó mú irinṣẹ́ tirẹ̀, oúnjẹ wà, torí wọ́n fẹ́ bá ìyá rẹ̀ ṣí ojú, ó sì gbọ́dọ̀ ráyè wá sílé.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ti jẹ́ ìpè náà. Ará Jàpáánì kan béèrè pé àkùkọ ibo. Mo ní àkùkọ Ogbooro, ṣé ó tún ku àkùkọ mìíràn tí mo mọ̀ ni? Ó ní nígbà náà, ọ̀sán ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ òun. N kò fa ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá ń sùn títí di ọ̀sán kì í wá àlàyé tì.

Ní Àbámẹ́ta, mo pín iṣẹ́ fún wọn bí a ṣe ń pín oko ọ̀wẹ̀. Mo ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan gba iwájú ilé rẹ̀, kí ẹni tó bá tètè parí kọjú sí ti ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó títí gbogbo wa á fi jọ dìde. Sodiqat ń túmọ̀, èmi ń sọ. Àwọn Oníkánjú ló kọ́kọ́ parí, bí mo ṣe rò, mo sì rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn Àgbàlagbà. Sodiqat ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé agboolé méjèèjì yìí kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Mo ní ọ̀wẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú irinwó ẹjọ́ yẹn, wọ́n rí i pé igba ló jẹ́ ẹjọ́ kan náà tí ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tún ọgọ́fà ṣe nínú èyí tó kù. Ewúrẹ́ sì ti ń bímọ. Ìbejì ìbejì ni wọ́n ń bí, ó pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, èmi ni mo jẹ̀bi, bó bá jẹ́ ẹ̀bi. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Mo pa òyà méjì, obìnrin mẹ́ta bá wa gúnyán èèyàn mẹ́tàdínlógójì, ìyá rẹ jókòó ti ọbẹ̀, ó ń fi imú wò ó. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi káṣú. Títí oòrùn fi dé àtàrí, ojú mi wà ní títì Ṣakí. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà. Mo ní kí Sodiqat bi wọ́n bóyá wọ́n ṣìnà ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní rárá, pé ilé kálukú ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́ náà. Inú bí mi, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Irú èèyàn wo ló ń ṣiṣẹ́ fún ni tí kò ní jẹun ẹni? Sodiqat ní wọn kò lè jẹ ẹ́ látibi tí wọ́n wà. Mo ní kó ya á ní fọ́tò fún wọn nígbà náà, kí wọ́n má baà sọ pé Ògúndìran bẹ ọ̀wẹ̀ kò dáná. Wọ́n kí mi púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Asefúnra-ẹni bèèrè irú iṣu tó jẹ́, ó ní òun yóò gún tòun. Àwọn ará àdúgbò ló bá wa jẹ ẹ́, Festus jẹ ti ará Jàpáánì mọ́ tirẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo ní kí Sodiqat sọ fún ọ pé kí o máa di ẹrù. Sodiqat ní kò tíì tán. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n tún ṣe, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kó o jọ sí, ìwọ nìkan lo ní kọ́kọ́rọ́ tó lè kó o wọlé, o kò sì tíì ṣílẹ̀kùn. Ó tún ní nígbà tí òun yẹ ẹ̀yìn wò, òun rí i pé mẹ́ta nínú wọn ti ń bẹ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá pé kí o fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́ kan kí àwọn lè máa bá ọ ṣe é. O kò dá wọn lóhùn.

Èyí kò yé mi. Ìwọ lo sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè bá ọ ṣe é. Mo ní kí Sodiqat bá mi bi ọmọ Jàmáánì. Ó kọ èsì tó gùn ránṣẹ́. Nígbà tí Sodiqat kà á tán, ó bi mí bóyá kí òun kà á síta. Mo ní kó kà á.

Ọmọ Jàmáánì ní òun rò pé a ti mọ̀ ni, kí n foríjì òun. Ó ní lóṣù kẹjọ, níbi tí ẹ ti máa ń tàkúrọ̀sọ, o sọ fún wọn pé ojú ìyá rẹ ń ṣú. Wọ́n ní kí o máa lọ, pé àwọn yóò di eré náà mú fún ọ, oṣù kan, oṣù méjì. O ní kì í ṣe eré ló dì ọ́ mú. O ní ọdún mẹ́fà lo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí nǹkan kan tí o lè gbé lé bàbá àti ìyá rẹ lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wa mọ́tò wọ Ogbooro, ìwọ ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo kí ìyá rẹ la ojú wò ọ́. O ní bí o bá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kí ni wàá sọ fún wa pé ó dá ọ dúró?

Ó dùn mí, Débọ́lá. Kì í ṣe sí ọ. Mo dá Sodiqat padà sí yàrá rẹ̀, mo jókòó sábẹ́ igi káṣú, mo ń ro àwọn lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ. Èyí tó gbẹ̀yìn, owó páànù ni. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, owó ajílẹ̀. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, mo ní kí o ra rédíò, o rà á, mo tún kọ̀wé pé ohùn rẹ̀ kéré. Kò sí ọ̀kan tí mo parí láìbéèrè nǹkan. N kò ní in lọ́kàn láti ni ọ́ lára. Mo rò pé bí lẹ́tà ṣe ń parí nìyẹn.

N kò sọ ohun tí ọmọ Jàmáánì sọ fún ìyá rẹ. Mo kàn bi í pé bí Débọ́lá bá ń bọ̀, kí ló fẹ́ kó mú bọ̀ fún òun láti Èkó. Ó ní kí o mú ojú rẹ bọ̀. Mo ní ìyẹn nìkan? Ó ní ṣé n kò gbọ́ ni.

Nítorí náà n kò bèèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni mo ń fi ránṣẹ́. Mo ta ọkà bàbà díẹ̀, mo sì fi owó ọkọ̀ rẹ ránṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ Jùmọ̀kẹ́, obìnrin tó ń gba owó fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, láti Èkó dé Ìbàdàn, Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, àti ti ọ̀kadà wọ Ogbooro. Owó tuntun ni mo kó fún un, èyí tí kò ká, torí mo gbọ́ pé wọn kì í gba èyí tó ya ní Èkó. Mo kìlọ̀ fún un kó má pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí o bá rí èyí tó ya níbẹ̀, jẹ́ kí n mọ̀.

Fún ọmọ Jàmáánì ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹni tó dárúkọ bàbá rẹ̀ fún mi kò ní kó eré ẹni sá lọ. Fún ọ̀kan nínú àwọn Àgbàlagbà náà ní ọ̀kan, kó lè máa rán an létí sùúrù. Tí o bá padà dé Èkó, wàá bá ewúrẹ́ rẹ níbẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn.

Ògún Lákáayé á la ọ̀nà fún ọ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dojú dé, awakọ̀ rẹ kò ní tòògbé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di asán, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan wálé, iṣẹ́ ni, mo ti fi ojú mi rí i. Ọwọ́ dókítà yóò dúró ṣinṣin, ìyá rẹ á sì tún rí ọ lẹ́yìn ọjọ́ náà, àti lẹ́yìn rẹ̀, títí ó máa fi sú u. Àṣẹ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí o wọlé. Láti àárọ̀ ni èmi yóò ti jókòó sí gáréèjì Ṣakí. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹrù kò ní wúwo fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndìran.